Agbọ̀n Ẹkùrọ́ àti Ohun Tí À Ń Pè Ní Àròjinlẹ̀

Ọkùnrin tí ẹ ń wá wà nínú yàrá mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọjọ́ orí mi ti kọjá irọ́. Èmi ni mo fà á wọlé, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní kókó ìró mi níbí. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ máa kọ́kọ́ ti èmi arúgbó ṣubú ná. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí.

Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Àánú, ọmọ Ìyá Àánú tó ń ta ọṣẹ níwájú ilé wa, ẹnikẹ́ni ò rí i láti ọ̀sán. Ọmọ kékeré tí kò tíì lọ sílé ìwé. Ẹ rí bàtà ọmọdé kan nínú ọmọlanke ọkùnrin tó ń kó ike àti páànù àlòkù kiri, ẹnì kan pariwo pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, gbogbo àdúgbò sì tú jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà sá wọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó rí ní ṣíṣí, tèmi sì ni.

Wàsíù, táyà tó wà léjìká rẹ yẹn, iṣẹ́ rẹ ni kí o máa lẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà. Mo mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe lónìí. Gbé e sílẹ̀ síta, má gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Táyọ̀, ìwọ ọmọ ọmọ mi, ìwọ náà wà láàárín wọn, ìwọ lo tilẹ̀ mú bàtà náà dání. Bọ́sẹ̀, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo ojú mi nínú rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ rí atẹ ẹ̀gúsí tí mò ń bó kí ariwo yín tó bẹ̀rẹ̀. Kí kálukú bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó máa bó o. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ wọlé, ẹ̀yin lẹ lágbára, èmi ò ní.

Wàsíù ní òun ò ní jókòó. Ó dáa, dúró, ṣùgbọ́n máa bó ẹ̀gúsí lórí ìdúró.

Táyọ̀, kí là ń pè ní àròjinlẹ̀? O ní kéèyàn ṣáà ti ronú dáadáa ni. Ó jọ ọ́, àmọ́ kò débẹ̀. Ẹni tó ń ro ohun tí òun máa jẹ lálẹ́, ó lè ro ó dáadáa, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ń ro àròjinlẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán nítorí pé ayé le fún un, ìrònú ló bá a, ìrònú sì lè sọ èèyàn di aláìsàn. Ẹni tó jókòó ti Ọlọ́run rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, àbí ẹni tó kírun tán tí kò tíì dìde lórí ẹní, àṣàrò lonítọ̀hún ń ṣe. Gbogbo ìyẹn dára, wọ́n sì ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n nílé wa, láyé Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, a kì í mú àròjinlẹ̀ jáde lẹ́nu àfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé téèyàn bá ti ṣe é tán, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Kí wọ́n lé ìyàwó kúrò nílé. Kí bàbá kọ ọmọ rẹ̀. Kí wọ́n pe èèyàn lólè lójú ọjà. Kí wọ́n gbẹ̀mí èèyàn. Tí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan ò ní àròjinlẹ̀, èébú ńlá ni, ó burú ju kí wọ́n pè é ní òmùgọ̀ lọ. Òmùgọ̀ lè jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ kó má pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí kò ní àròjinlẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n lọ́jọ́ kan, á sì ṣe ohun tí gbogbo ilé máa sunkún lé lórí.

Ibi tí a jókòó sí yìí, oko ẹ̀gẹ́ ni nígbà èwe mi. Ẹ̀yin ń pè é ní gbágùúdá, ẹ̀gẹ́ là ń pè é lẹ́nu tiwa. Ilé epo tó wà létí títì yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbin iṣu sí, ó sì máa ń lé wa bí a bá sá lọ fi ewé rẹ̀ ṣeré. Igbó ni láti ẹ̀yìn ilé wa títí dé odò. A máa ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà Ìkọ̀tún pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹsẹ̀ lásán, tí ọ̀bọ á máa ké lórí igi. Ẹ̀rù kì í bà wá tó báyìí. Ẹ lè rò pé arúgbó kan ń yin ìgbà èwe rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mò ń sọ. Ejò wà, a mọ ibi tó ń gbé. Lónìí ilé pọ̀, iná wà, géètì wà, ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì, síbẹ̀ àyà mi ń já láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Mi ò mọ ibi tí nǹkan ń gbé mọ́.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá jí láyé ìgbà yẹn ni ìró òkúta lórí ẹkùrọ́. Kó, kó, kó, láti ẹ̀yìn ilé. Àwọn obìnrin agbo ilé wa ló ń pa á. A ń fi díẹ̀ ṣe àdín tí a fi ń para, a ń ta èyí tó kù fáwọn tó ń wá rà á láti Agége, a sì ń fi èèpo rẹ̀ dáná. Àwa ọmọdé mọ ọwọ́ ẹni tó ń pa á láìwo ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà kì í yára, ìró tirẹ̀ máa ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ní tiẹ̀ máa ń pa á bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Pípa ẹkùrọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nítorí ẹ ò ní rí i mọ́, ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Tí o bá fi ìbínú lù ú, tinú tèèpo á run pọ̀, o ò ní rí nǹkan kan ṣà. Tí o bá lù ú jẹ́jẹ́ jù, á ta dànù, ìwọ á sì máa wá a kiri lábẹ́ àga. Ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtàǹpàkò rẹ ni o máa pa. Ọkọ àbúrò bàbá mi kan wà tó wá kí wa láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó ní iṣẹ́ obìnrin kò lè ṣòro fún òun. Ìlù kan péré tó lù ú, ó fò sókè, ó sì ń jó yí àgbàlá ká tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Títí ó fi padà sílé, a ò jẹ́ kó gbádùn.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó wù mí kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Tí ẹnì kan bá wá gbé ọ̀rọ̀ gbígbóná bá Ìyá Àgbà, irú ọ̀rọ̀ tó ní 'lágbájá ló ṣe é' nínú, Ìyá Àgbà kò ní dá ẹjọ́ náà. Á kàn wí pé, "Ó di àròjinlẹ̀." Wọ́n á gbé agbọ̀n ẹkùrọ́ kan jáde, á kún dẹ́nu. Ẹni tó wá fẹjọ́ sùn á mú òkúta. Ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà á mú òkúta. Wọ́n á jókòó ti ara wọn, orúnkún sí orúnkún, àwọn tó wá gbọ́ ẹjọ́ á yí wọn ká, gbogbo wọn á sì máa pa ẹkùrọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà títí agbọ̀n á fi ṣófo. Ẹ lè sọ ti òjò, ẹ lè sọ ti ọjà, ẹ lè sọ ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìkan ni èèwọ̀. Àwọn ọkùnrin pàápàá mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n ń pa ẹkùrọ́ àròjinlẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó máa gbé àdá.

Wàsíù ń bi mí bóyá oògùn wà nínú ẹkùrọ́ náà. Kò sí. Ẹkùrọ́ tí a fi ń ṣe àdín ni. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu dákẹ́, orí sì ráyè. Inú tó ń ru á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n yẹn. Ẹni tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ á ní láti gbé e mì, á tún rò ó, á tún gbé e mì. Nígbà tí agbọ̀n bá fi máa tán, ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní lẹ́nu, wọn kì í ní ìdájọ́.

Mo rántí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, Ìyá Síkírá là ń pè é. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn adìyẹ rẹ̀ ní kíkú káàkiri àgbàlá. Kò tíì fọjú tó fi ké pé ìyàwó kejì ló fún wọn ní májèlé. Ìyàwó kejì náà fò sókè, ó ní kí wọ́n wá bá òun gbé ìbúra. Ìyá Àgbà ní ó di àròjinlẹ̀. Wọ́n jókòó. Ìyá Síkírá ń pa ẹkùrọ́ bí ẹni pé orí orogún rẹ̀ ló wà lábẹ́ òkúta, gbogbo rẹ̀ ń run. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń rọ̀. Nígbà tó tún pẹ́ sí i, ó gbé òkúta sókè, kò sọ̀ ọ́ mọ́, ó kàn ń wo iwájú. Ìyá Àgbà rí i, ó ń pa ẹkùrọ́ tirẹ̀ lọ. Agbọ̀n tán, wọ́n ní kó sọ ẹjọ́ rẹ̀, ló bá fi ìró bojú. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ló da omi ẹ̀gẹ́ tí òun rẹ sí àgbàlá lálẹ́ àná, àwọn adìyẹ sì mu ún. Ẹ mọ̀ pé omi yẹn ń pa ẹran. Ìyàwó kejì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adìyẹ yẹn kò ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ilé ò tú.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọdún Iléyá kan wà tí àgbò bàbá mi já okùn, tó sáré la àárín wọn kọjá, tó sì da agbọ̀n ẹkùrọ́ àròjinlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n jókòó lé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa kan ti ní ìyàwó níbòmíràn. Àwọn àna ti dé, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń gbọ́ òórùn ẹran. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ṣa gbogbo rẹ̀ padà, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé ọdún ni. Ó dá a lóhùn pé ọdún á tún dé, ọmọ tí wọ́n bá sọ nù sílé ọkọ kò ní padà wá. Ìrọ̀lẹ́ ni a tó jẹun.

Ẹ gbọ́ ọ, ọkùnrin yẹn ń wúkọ́ nínú yàrá. Ẹ má dìde. Wàsíù, mo ní má dìde, àbí o ò rí mi níbí? Èèyàn ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Omi ni mo gbé fún un nígbà tó wọlé, ó mu ún tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ife padà fún mi. Ẹ jókòó, ẹ máa bó ẹ̀gúsí. Mi ò tíì sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Ìyá Àgbà kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sí ibi tí ìjọba ń kọ́ ilé sí, ibi tí ẹ̀ ń pè ní Gowon Estate lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ dé láti ibi gbogbo. A ń ta ẹ̀kọ fún wọn, a ń rí owó, inú wa dùn. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹkùrọ́ dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi òkúta jókòó mọ́. Agbọ̀n Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé a fi àṣà náà sílẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó ráyè.

Mo ti di ìyálọ́mọ nígbà náà. Rẹ̀mí, ìyá Táyọ̀ yìí, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, mo wà ní yàrá, wọn ò jẹ́ kí n jáde. Obìnrin kan wà nínú agbo ilé wa tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, aránṣọ ni. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan tó máa ń gbé sórí tábìlì lójúde. Ó ti odò dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n rí kẹ́yìn nídìí rẹ̀ ni Làmídì, ọmọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe létí ọ̀nà. Ó ti bá Àbẹ̀kẹ́ fi òróró sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò ní ẹbí kankan lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó gbọ́ pé mo bímọ, ó fi igi kékeré kan tí ó gbẹ́ bí ẹyẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí ọmọ fi ṣeré.

Àbẹ̀kẹ́ ò sọ pé Làmídì ló gbé e. Ohun tó sọ ni pé, "Làmídì ló débẹ̀ kẹ́yìn." Ẹnì kejì ló sọ pé Làmídì ló gbé e. Ẹnì kẹta ní òun rí i tó ń di ẹrù. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé mi, mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń le sí i lẹ́nu wọn. Mo gbọ́ ohùn ọkọ mi tó ń bi wọ́n pé, "Ẹ ti bi í léèrè?" Wọ́n ní kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Èèyàn púpọ̀ tó ń sáré lọ síbì kan náà, ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ yàrá mi ń mì, mo gbé ọmọ mọ́ àyà.

Wọ́n lé Làmídì dé etí odò. Òjò ti rọ̀, odò kún. Ó bọ́ sínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni àwọn apẹja ti rí òkú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ṣítù, ọkọ Àbẹ̀kẹ́, dé láti Ìyànà Ìpájà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà lérí, ó ń súfèé bọ̀. Ó ní, "Ẹ kúulé o." Mo ń wò ó láti fèrèsé mi. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó nu ún, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo ti bá ẹ gbé e lọ tún ṣe. O ṣì wà lódò nígbà tí mo lọ. Wá gbìyànjú ẹ̀ wò, ó ń rán dáadáa báyìí." Ó wá wo ojú àwọn tó wà lójúde yíká, ó ní, "Kí ló ṣe yín?"

Àbẹ̀kẹ́ kò fi ẹ̀rọ náà rán aṣọ mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn tó sáré lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìkà èèyàn, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Mo mọ gbogbo wọn. Wọ́n bá wa ro oko, wọ́n bá wa sin òkú, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé, ẹ̀yin náà ti kí lára wọn rí lójú pópó yìí. Ọ̀kan nínú wọn dàgbà gan-an kó tó kú. Ó máa ń wá jókòó síbi tí Bọ́sẹ̀ jókòó sí yẹn, á wá ní, "Ìyá Rẹ̀mí, ṣé o rò pé ó mọ̀wẹ̀?" Màá bu omi fún un. Á dìde, á lọ. Lọ́jọ́ mìíràn á tún wá bi mí.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe dìde nílẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín lónìí. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Wọ́n ti bo ilẹ̀ yìí ní kọnkéré, wọ́n ti kọ́ ilé alájà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn kò yí padà. Láyé ìgbà yẹn, ó máa pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ti ojúde kan dé èkejì, èèyàn ṣì lè rí àyè sá. Báyìí, Bọ́sẹ̀ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, àwọn ará Ẹgbẹ́dá ti mọ ojú ọkùnrin yìí, ẹni tí kò rí bàtà náà rí ti ń bú u nínú wáásáàpù. Ẹ bá mi sọ ọ́, tí mo bá gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ibo ló máa sá gbà?

Bọ́sẹ̀, o ní kí ni? Sọ ọ́ sókè jàre, etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́.

O ní ṣé wọ́n ti fi bàtà náà han Ìyá Àánú.

Táyọ̀, ṣé o fi hàn án? O ń wo ilẹ̀. Wàsíù, ìwọ ńkọ́? Wàsíù ní òun rò pé Táyọ̀ ti fi hàn án. Táyọ̀ ní òun rò pé ẹni tó pariwo ló ti fi hàn án. Ẹ ò rí i báyìí. Ọkùnrin tó ń kó ike àti bàtà tó ti já kiri ni ẹ bá bàtà ọmọdé nínú ọmọlanke rẹ̀, ẹnì kankan ò sì bi ìyá ọmọ. Èmi náà ò bi í. Mo ń sáré ti ilẹ̀kùn.

Ẹ pè é wá. Ó ń sunkún lẹ́nu géètì níbẹ̀ yẹn, gbogbo yín lẹ fo obìnrin náà kọjá nígbà tí ẹ ń bọ̀.

Wọlé, Ìyá Àánú. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jókòó, má dá wọn lóhùn, èmi ni kí o wò. Bàtà rèé. Gbà á, yí i síbí, yí i sọ́hùn-ún. Fara balẹ̀ wò ó. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní kì í ṣe ti Àánú. Ó ní Àánú ò tilẹ̀ wọ bàtà jáde, ẹsẹ̀ lásán ló bá lọ, bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ láti ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nítorí ariwo yín.

Ẹ má bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọkùnrin inú yàrá lẹ máa bẹ̀, kì í sì í ṣe ìsinsìnyí. Ẹ gbọ́ mi ná, nítorí ìbéèrè mìíràn ti wá sí mi lọ́kàn, ó sì ń bà mí lẹ́rù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ọ̀sán tí gbogbo àdúgbò ti ń lé ọkùnrin yìí, ta ló ń wá ọmọ náà?

Ta ló yọjú wo kànga tó wà nínú ilé tí wọn ò kọ́ parí lẹ́yìn wa? Ta ló wo gọ́tà? Ta ló wo inú mọ́tò tó bàjẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, táwọn ọmọdé máa ń wọ̀ lọ ṣeré? Ẹ ń wo ara yín. Kò sẹ́ni kankan. Èmi náà, bí ẹ ò ṣe ní pa ọkùnrin yìí nìkan ni mo ń rò, mo gbàgbé ọmọ.

Ẹ dìde, ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ pín ara yín, ẹ má lọ síbì kan náà. Bọ́sẹ̀, ìwọ àti Ìyá Àánú, ẹ mú iná lọ sídìí kànga. Láti ọ̀sán ni mo ti ń gbọ́ gbọ́mọgbọ́mọ lẹ́nu yín, mi ò gbọ́ Àánú lẹ́nu ẹnì kan. Ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ bí ẹ bá ti ń lọ. Tí ẹ bá pè é tán, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, bóyá ó ń dáhùn.